Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ayálégbé Inú Iyùn

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 28:1-4, 29:1-14, Òwe 30:24-28, Léfítíkù 19:33-34
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jeremáyà 29:7

Bí a bá dárúkọ iyùn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ọba àti ìjòyè ń fi sọ́rùn, tí ìyàwó sì ń lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bíbélì pàápàá mọ iyì rẹ̀. Nígbà tí ìwé Jóòbù orí 28 ń wá ohun iyebíye tí a lè fi wé ọgbọ́n, ó ka iyùn mọ́ wọn, ó sì fi hàn pé ọgbọ́n ta á yọ. Esekíẹ́lì orí 27 kà á mọ́ àwọn ọjà tí a ń kó wá sí Tírè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ̀ pé iyùn kì í ṣe òkúta tí a wà jáde nínú ilẹ̀. Ẹ̀dá alààyè ni ó kọ́ ọ.

Àwọn ẹ̀dá náà kéré púpọ̀. Nínú irú èyí tí ẹ̀kọ́ wa dá lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí ìṣáná lọ. Ara wọn rọ̀, wọ́n ní ẹnu kan ṣoṣo, àwọn ìka tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Wọn a so mọ́ ara wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn a sì máa yọ ohun líle kan bí ẹfun láti ara wọn, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ilé tí wọn kì í kúrò nínú rẹ̀ títí ikú. Iyùn pupa tí àwọn Pọtogí ń kó wá fún Ọba Bìní láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn, inú òkun Mẹditaréníà ni a ti ń wá a. Ìbátan rẹ̀ ni iyùn olókùúta, èyí tí ń yọ ẹ̀ka bí igbó kékeré nínú òkun tí omi rẹ̀ móoru tí ó sì mọ́ gaara. Kò sí ọgbà iyùn bẹ́ẹ̀ ní etíkun wa, láti Badagry títí dé Calabar, nítorí àwọn odò ńláńlá wa ń da ẹrẹ̀ sínú òkun. Ẹ fi ẹrẹ̀ yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀. Ní erékùṣù São Tomé àti Príncipe, tí kò jìnnà púpọ̀ sí wa, iyùn olókùúta wà lára àpáta abẹ́ omi. Ṣùgbọ́n alákàn kékeré tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, Òkun Pupa, òkun Íńdíà àti òkun Pàsífíìkì ni ibùgbé rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni alákàn wá ṣe nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kí olúwa rẹ̀ ka Òwe orí 30 tí a tọ́ka sí lókè. Ágúrì ọmọ Jákè kò lọ wá erin tàbí kìnnìún láti fi kọ́ wa ní ọgbọ́n níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dá mẹ́rin tí ó kéré ni ó mú, èèrà àti eéṣú sì wà nínú wọn. Ó dá mi lójú pé bí Ágúrì bá mọ alákàn yìí, ìbá kà á mọ́ wọn.

Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Trapezia. Gbogbo ara rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Àárín ẹ̀ka iyùn ni ó ń gbé, kì í sì í sábà jáde níbẹ̀ bí ó bá ti dàgbà. Nínú ìdì iyùn kan, akọ kan àti abo kan ni a sábà ń bá, bí ọkọ àti aya nínú yàrá kan. Kò kọ́ ilé náà, kò sì lè kọ́ ọ. Ayálégbé gidi ni. Oúnjẹ rẹ̀ pàápàá ọ̀dọ̀ onílé ni ó ti ń wá: iyùn a máa yọ omi kan tí ó ń yọ̀ bí omi ilá, a sì máa mú ọ̀rá wẹ́wẹ́ jáde ní ṣóńṣó àwọn ìka rẹ̀. Èyí ni alákàn ń jẹ. Ọ̀mọ̀wé John Stimson ní Hawaii tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1990. Ó rí i pé iyùn tí alákàn ń gbé inú rẹ̀ ni ó ń mú ọ̀rá wọ̀nyí jáde, àti pé wíwà tí alákàn wà níbẹ̀ gan-an ni ó ń mú kí iyùn pèsè é. Ẹ̀yin onílé inú kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí èyí. A ó padà wá bá yín.

Iyùn ní ọ̀tá. Ẹranko òkun kan wà tí ara rẹ̀ rí bí ìràwọ̀, tí apá rẹ̀ lè ju mẹ́wàá lọ dáadáa, tí ẹ̀gún olóró sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lè fẹ̀ tó àtẹ tí àwọn màmá fi ń kiri ọsàn. Bí ó bá dé orí iyùn, a tú ikùn rẹ̀ síta lé e lórí, a sì jẹ ẹran ara iyùn náà tán, títí yóò fi ku egungun funfun nìkan. Ní Ọsirélíà, láti 1962 ni wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ya bo àwọn iyùn wọn lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tí ọ̀tá yìí bá gun orí ilé alákàn wa, alákàn kì í sá. Yóò jáde sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó dà bí ẹ̀mú di ẹ̀gún ọ̀tá náà mú, yóò máa mì í jìgìjìgì, yóò sì máa gé àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Peter Glynn, onímọ̀ kan tí ó ṣiṣẹ́ ní etíkun Panama ní àwọn ọdún 1970, ṣàlàyé ogun yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀tá á yí padà, á lọ wá iyùn tí kò ní olùṣọ́. Àwọn bàbá wa ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Èyí fi ojú ṣọ́ orí tirẹ̀ àti orí onílé rẹ̀ pọ̀.

Ibí yìí ni oníwàásù ìbá dúró sí, tí yóò fi ìràwọ̀ òkun wé Èṣù, tí yóò sì ní kí a gbé gbogbo ìhámọ́ra Ọlọ́run wọ̀. Ìwàásù tí ó dára ni, èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù kọ́ nìyẹn.

Ní erékùṣù Moorea, nítòsí Tahiti nínú òkun Pàsífíìkì, Hannah Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n kó alákàn kúrò lára àwọn iyùn kan, wọ́n fi ti àwọn mìíràn sílẹ̀, wọ́n sì to gbogbo wọn sínú òkun kan náà. Kí oṣù kan tó pé, nínú àwọn iyùn tí kò ní alákàn, ó kéré tán 45 nínú 100 ni ó kú. Ní ibòmíràn ó tó 80. Àwọn tí ó ní alákàn ńkọ́? Gbogbo wọn ni ó yè. Kì í sì í ṣe ìràwọ̀ òkun ni ó pa àwọn tí ó kú. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ tí ń rọ̀ wálẹ̀ láti inú omi ni, díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sán àti ní òru, tí ó ń bo ẹnu àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ náà tí wọn kò fi lè mí. Ní ilé tí alákàn wà, alákàn ń gbá a dànù. Wọ́n tilẹ̀ rí i pé irú yanrìn tí ó léwu jù fún iyùn gan-an ni alákàn mọ̀ ọ́n gbá jù.

Ará mi, ẹ rò ó wò. Ogun ìràwọ̀ òkun, ó lè má wáyé fún ọdún púpọ̀. Ẹrẹ̀ kò ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tí ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún ni ó gba ilé náà là.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣí Jeremáyà orí 29. Ní ọdún 597 ṣáájú ìbí Olúwa, Nebukadinésárì kó Jekonáyà ọba, ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Bábílónì. Ilẹ̀ àjèjì ni. Wọn kò yan ibẹ̀, wọn kò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Wòlíì kan tí ń jẹ́ Hananáyà dìde nínú tẹ́ńpìlì, ó sì sọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ gbọ́: ọdún méjì péré, gbogbo wọn á padà sílé (Jeremáyà 28:3, 4). Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé ọdún méjì ni òun yóò lò, kò ní gbin igi ọsàn. Kò ní tún òrùlé tí ń jò ṣe. Kò ní fẹ́ mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbé ní yàrá kejì. Ẹrù rẹ̀ wà lórí gbà-mí-kí-n-lọ nígbà gbogbo.

Jeremáyà kọ lẹ́tà tirẹ̀. Ó fi rán Elasa ọmọ Ṣáfánì àti Gemaráyà ọmọ Hilikáyà, ó sì sọ fún wọn pé àádọ́rin ọdún ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n jẹ èso rẹ̀. Kí wọ́n fẹ́ ìyàwó fún ọmọkùnrin wọn, kí wọ́n sì fi ọmọbìnrin wọn fọ́kọ. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó le jù, tí ó jẹ́ ẹsẹ àkọ́sórí wa: kí wọ́n wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ, kí wọ́n sì gbàdúrà fún un. Ìlú tí ó kó wọn lẹ́rú! Nebukadinésárì kò ì tíì ronú pìwà dà nígbà náà. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn kan nínú débi pé Ṣemáyà ará Nehelámù kọ̀wé láti Bábílónì sí àwọn àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, ó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò ti Jeremáyà mọ́lé (ẹsẹ 24 sí 28). Kò sí ohun tí ń bí ènìyàn nínú tó kí a sọ fún un pé ibi tí òun ń kà sí ibi ìdúró bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni Ọlọ́run fi òun sí láti ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí ìdí tí Ọlọ́run fi fún wọn. Ó ní nínú àlàáfíà ìlú náà ni àlàáfíà tiwọn wà. Ọlọ́run kò tijú láti fi àǹfààní ara wọn bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan nínú wa rò pé iṣẹ́ rere tí ó bá ti kan èrè tiwa kì í ṣe iṣẹ́ ìfẹ́ mọ́. Lẹ́tà yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Alákàn inú iyùn kì í ṣe ẹni mímọ́, oúnjẹ àti ibùsùn rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Síbẹ̀ iyùn yè. Bí iyùn bá sì ṣàìsàn, alákàn mọ̀ ọ́n lára. Ní 1982 sí 1983, omi òkun ní apá ìlà oòrùn Pàsífíìkì gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn iyùn etíkun Panama sì funfun, púpọ̀ nínú wọn kú. Glynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn alákàn inú àwọn iyùn tí ó funfun náà. Ọ̀rá ti tán lára onílé, ó sì ti ń tán lára ayálégbé. Ẹyin tí wọ́n ń yé dín kù, àwọn kan kó jáde, agbára tí wọ́n fi ń lé ọ̀tá sì rọ. Kò sí bí ilé ṣe lè máa kú kí ara ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ máa le.

Ó ku tiwa. Ta ni ọmọ bíbí Alímọ̀ṣọ́ nínú kíláàsì yìí? Kí wọ́n na ọwọ́ sókè, kí a kà wọ́n. Ilẹ̀ oko ni púpọ̀ nínú ìgboro wa yìí tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2006, àwọn tí a bá ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ṣakí, láti Èkìtì, láti Ìjẹ̀bú, láti ilẹ̀ Ìgbò, láti Badagry àti Kútọnu ni a ti wá. Bí a bá bi ẹnìkan léèrè pé níbo ni ilé rẹ̀, yóò dárúkọ ìlú tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà Kérésìmesì, kò ní dárúkọ Ìkòtún tí ó ti ń sùn fún ọdún méjìdínlógún. N kò sọ pé kí a gbàgbé ìlú wa. Àwọn Júù náà kò gbàgbé Jerúsálẹ́mù. Ohun tí mo ń wí ni pé Hananáyà ti gba ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn. Àwa onígbàgbọ́ tilẹ̀ burú jù, nítorí pé a ń fi ọ̀run kún un: a ní ayé kì í ṣe ilé wa, a sì tipa bẹ́ẹ̀ fo gọ́tà tí ó dí kọjá lọ sí ìpàdé àdúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìdímù, ní Ìgàndò, ẹ mọ ohun tí òjò oṣù kẹfà ń ṣe. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike mínírà, páḿpásì ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni ó ń bẹ nínú gọ́tà. Nígbà tí òjò bá dé, omi kò ní rí ọ̀nà lọ, á sì yà sínú yàrá. Kì í sì í ṣe yàrá ẹni tí ó da ìdọ̀tí náà ni ó ń kọ́kọ́ wọ̀. Yàrá ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni, opó tí ó gba yàrá ẹ̀yìn nítorí pé òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Bí a bá béèrè pé ta ni kí ó kó ìdọ̀tí yìí, ayálégbé á ní onílé ni. Onílé á ní àwọn ayálégbé ni ó dà á. Gbogbo wọn á wá parapọ̀ sọ pé ìjọba ni. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìgàndò kọjá lẹ́bàá àkìtàn Solous mọ̀ pé ìdọ̀tí kì í lọ sí ibì kankan fúnra rẹ̀; ibi tí a bá kó o lọ ni ó ń lọ.

Àwọn àgbà inú wa rántí Ìmọ́tótó Àyíká, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde ṣáájú agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Ní oṣù kọkànlá 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òpin sí ìséde náà. Ìgbà tí ọlọ́pàá kò mú wa mọ́ ni a mọ ẹni tí ó ń gbálẹ̀ nítorí ọlọ́pàá, tí a sì mọ ẹni tí ó ń gbálẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ dọ̀tí.

Ẹrẹ̀ kì í ṣe ti gọ́tà nìkan. Nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí wọ́n dojú kọ ara wọn, owó iná, ìdí ẹ̀rọ omi àti ilé ìwẹ̀ tó láti dá ìjà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan á bọ́ sílẹ̀ lówùúrọ̀, tí kò bá sí ẹni tí yóò gbá a, á ti di òkè kó tó di alẹ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó gbọ́ àhesọ tí ó jẹ́ kí ó parí sọ́dọ̀ òun ti gbálẹ̀ ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìjọ.

Ìṣòro kan wà níbí tí n kò fẹ́ kí olùkọ́ kankan fò kọjá. Màmá kan, ayálégbé, tí ó ń dín àkàrà tà, ti ń gbá iwájú ilé tí ó ń gbé, tí ó sì ń kó gọ́tà ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ilé náà wá dùn ún wò. Nígbà tí onílé rí i pé àwọn tí wọ́n lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ń béèrè yàrá níbẹ̀, ó fi owó kún owó ilé, ó sì ní kí màmá náà kó jáde bí kò bá lè san. Mo ka ẹsẹ àkọ́sórí wa fún màmá yìí. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó wá bi mí pé: “Tíṣà, ṣé wọ́n lé àwọn tiwọn náà jáde lẹ́yìn tí wọ́n gbin ọgbà tán?”

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ Bíbélì bo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Nínú lẹ́tà Jeremáyà, Ọlọ́run kò ṣèlérí pé Bábílónì yóò dúpẹ́. Dáníẹ́lì ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jù ú sí ihò kìnnìún. Àṣẹ ni Ọlọ́run pa, ìlérí tí ó sì ṣe wà ní ẹsẹ 10 sí 14: Òun fúnra rẹ̀ yóò bẹ̀ wọ́n wò, yóò sì gbọ́ àdúrà wọn. Nítorí náà, èmi kò rò pé màmá yẹn ṣiṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ó tọ́ kí ìjọ sọ fún un pé kí ó fi í fún Ọlọ́run kí ìjọ sì jókòó. Kí àwọn àgbà méjì bá a lọ sọ́dọ̀ onílé. Kí ẹni tí ó mọ òfin nínú ìjọ ràn án lọ́wọ́: òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 fún ayálégbé tí ń san owó ọdọọdún ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, bí wọn kò bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Ó sì yẹ kí àpò ìrànlọ́wọ́ ìjọ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ kí ó tó di pé wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ẹ̀yin onílé, mo ní a ó padà wá bá yín. Iyùn lágbára ju alákàn lọ lọ́nà púpọ̀. Òun ni ó ni ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayálégbé rere wọlé, ọ̀rá ni ó mú jáde fún un. Léfítíkù 19:33-34 pàṣẹ pé kí a fẹ́ràn àlejò tí ń bá wa gbé bí ara wa, ìdí tí Ọlọ́run sì fi fún wọn ni pé àwọn náà ti ṣe àlejò rí ní Íjíbítì. Mélòó nínú àwọn onílé Alímọ̀ṣọ́ ni kò háyà yàrá rí kí wọ́n tó ra ilẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ìwà alákàn ni kí a kọ́ o. Bí alákàn irú tirẹ̀ mìíràn bá wá sí ẹnu ọ̀nà, yóò bá a jà, yóò lé e lọ. Àwa náà mọ irú ìwà yẹn: ọmọ ìlú kan náà, ìjọ kan náà, tí ẹnì kan kò fẹ́ kí ẹnì kejì gba ipò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó dára níbẹ̀. Alákàn a máa bá edé kan gbé nínú iyùn kan náà, edé tí ọwọ́ rẹ̀ ń dún pà bí ẹni ta ìka. Ẹ̀yà mìíràn ni, èdè wọn kò dọ́gba bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní Moorea kan náà, nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2012, Seabird McKeon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé nígbà tí alákàn àti edé bá jọ wà, ààbò tí wọ́n ń ṣe fún iyùn ju àpapọ̀ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè dá ṣe lọ. Aládùúgbò tí ó jẹ́ Ìgbò, tí ó jẹ́ Ègùn, tí ó jẹ́ Hausa, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, gọ́tà kan náà ni gbogbo wa ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jeremáyà kò ní kí àwọn Júù wá àlàáfíà apá ibi tí àwọn Júù ń gbé nìkan. Ìlú ni ó wí.

Fún ìjíròrò nínú kíláàsì

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rọ̀ Hananáyà àti ti Jeremáyà, kí sì ni ìdí tí ti Hananáyà fi dùn ún gbọ́ jù?

Kí ayálégbé kan àti onílé kan nínú kíláàsì dìde, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ó ń retí lọ́wọ́ èkejì. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ó di àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n kí ó má sì pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́.

Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú ìjọ wa tí a fi ìwé kó-ẹrù-rẹ lé lọ́wọ́ ní ọdún yìí? Ta ni ó ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò?

Iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ yìí: kí kíláàsì yan ènìyàn mẹ́ta tí yóò fi ẹsẹ̀ rin ẹ̀gbẹ́ gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn wa títí dé orí títì. Kí wọ́n kọ ibi tí ó ti dí sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè orúkọ ẹni tí ń gbé yàrá tí omi ń kọ́kọ́ wọ̀. Kí wọ́n mú ìwé náà wá ní ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ̀kọ́ kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀.